Ẹ̀jẹ̀ Bàbá Kékeré nínú Àpótí Yìnyín

Kouloundè, Sokodé
Ọjọ́ Àlàmísì, lẹ́yìn ìrun Àlàásárì

Ráfíátù, ọmọ tí mo pọ̀n títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi ń wọ́ nílẹ̀,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, ẹ sì kú òtútù ìlú tí ẹ wà. Gbogbo wa la wà láàyè. Mo kọ́kọ́ sọ ìyẹn kí àyà rẹ má baà já, nítorí àyà tèmi kò tíì padà sí ipò rẹ̀ láti ọjọ́ tí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ti ṣẹlẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìlú kò sí nínú lẹ́tà yìí. Ìwọ náà mọ ìdí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ilé ni, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tuntun rẹ sì ni.

Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ ní kí n máa sọ ọ́ lẹ́nu, kí òun máa kọ ọ́ ní Faransé kó lè yá. Mo ní rárá. N kò jókòó sórí àga àwọn ọmọ kékeré ní kíláàsì àgbàlagbà ní Kambolé, kí n fi ìka tí ọkọ́ ti sọ di líle di ẹfun ìkọ̀wé mú, kí ẹlòmíràn wá máa bá mi bá ọmọ tí mo bí sọ̀rọ̀. Mo lè pè ọ́ lórí tẹlifóònù náà. Ṣùgbọ́n tí a bá pe ara wa, ìwọ á máa sunkún, èmi á máa pariwo, gbogbo àwọn tó wà ní kabín tí a ti ń sanwó pe tẹlifóònù á sì máa gbọ́ wa. Lẹ́tà ni mo fẹ́, kí o lè kà á kí inú bí ọ, kí inú rẹ rọ̀, kí o sì tún un kà. Ìyàwó olùkọ́ àdúgbò wa tó ń bọ̀ ní ọ̀dọ̀ yín lọ́la ni mo fi rán.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ń bu ògì fún àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ kí wọ́n tó lọ sí iléèwé, alùpùpù akérò sémíjàn kan sì dúró lẹ́nu ọ̀nà wa. Múfútáù, àkọ́bí Bàbá Kékeré rẹ, ló sọ̀ kalẹ̀ láti ẹ̀yìn rẹ̀. Tchamba ló ti wá. Ó gbá irú àpótí tí àwọn ẹlẹ́ja fi ń gbé yìnyín mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ tuntun, ó sì ti fi aṣọ bò ó lórí. Kò kí mi. Ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá ibi tí oòrùn kò dé fún mi."

Mo bi í bóyá ẹja ni.

"Ẹja kọ́," ni ó wí. "Bàbá ni."

Ráfíátù, ìgbakọ bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo wo àpótí náà bí ó ṣe kéré tó, mo rántí àbúrò ọkọ mi tó ga tó ilẹ̀kùn, n kò sì lè parí ohun tí mo ń rò. Múfútáù rí ojú mi, ó wá tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ: ẹ̀jẹ̀ bàbá rẹ̀ ni. Ẹbí ti pàdé ní Tchamba, wọ́n sì ti fẹnu kò pé kí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ náà ránṣẹ́ sí ọ. Wọ́n pe ọkùnrin kan tó máa ń lọ láti ilé dé ilé fúnni lábẹ́rẹ́. Ó fa ẹ̀jẹ̀ náà, wọ́n dà á sínú ìgò oògùn ikọ́ tí wọ́n ti sè nínú omi gbígbóná, wọ́n sì lọ ra yìnyín lọ́wọ́ ẹlẹ́ja. Ohun tó kù ni kí èmi bá wọn fi lé awakọ̀ Lomé lọ́wọ́, bí a ṣe máa ń fi iṣu ránṣẹ́ sí ọ nígbà tí o wà ní yunifásítì, kí awakọ̀ náà sì wá ẹni tó ń wọ ọkọ̀ òfurufú. Orúkọ rẹ ni wọ́n kọ sára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Wọ́n tún di èlùbọ́ àti ata gbígbẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò náà, kí ọmọ wọn má baà gba ẹ̀jẹ̀ nìkan lọ́wọ́ ará ilé.

Mo ṣí i. Ì bá sàn kí n má ṣí i. Yìnyín ti di omi. Ẹ̀jẹ̀ náà ti dì sísàlẹ̀ ìgò bí ẹ̀dọ̀ ẹran, omi rúsúrúsú kan sì léfòó lókè rẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tí mo dúró sí, èmi tí mo ti gbẹ̀bí ọmọ, tí mo ti wẹ òkú.

Kí o tó bi mí ta ló fi irú èyí sí wọn lórí, jẹ́ kí n sọ ọ́ fún ọ. Ìwọ ni.

Rántí ìgbà tí Bàbá Kékeré rẹ wá ṣe àyẹ̀wò ní Sokodé níbí, tí dókítà sọ fún wa pé jẹjẹrẹ ló wà nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, pé ó sì ti tàn dé ẹ̀dọ̀ àti egungun. Lọ́jọ́ kejì o pè wá ní kabín. Mo fi etí mi ti ẹ̀yìn tẹlifóònù náà, gbogbo ohun tí o sọ fún un ni mo gbọ́. O ń ṣàlàyé iṣẹ́ tuntun rẹ. O ní sẹ́ẹ̀lì kan wà nínú ara gbogbo ènìyàn tí ó yọ ẹ̀ka yíká bí igi, pé iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó mú àpẹẹrẹ ọ̀tá lọ han àwọn ọmọ ogun ara kí wọ́n lè dá a mọ̀. O ní jẹjẹrẹ a máa fi ara pamọ́, á ṣe bí ẹni pé ọmọ ilé ni òun náà. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń gba ẹ̀jẹ̀ aláìsàn, tí ẹ ń tọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹlẹ́ka náà dàgbà nínú àwo, tí ẹ ń fi ohun tó wá láti ara jẹjẹrẹ hàn wọ́n títí wọ́n á fi mọ̀ ọ́n, kí ẹ tó fi abẹ́rẹ́ dá wọn padà sábẹ́ awọ ẹni tó ni wọ́n. Wọ́n á wá wọ́ lọ sí inú àwọn kókó abẹ́ abíyá àti ti ìtan, wọ́n á sì pe ogun jáde.

Irun ara mi dìde bí mo ṣe ń gbọ́ ọ. N kò mọ̀ pé a lè mú nǹkan kúrò lára ènìyàn, kí a kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́, kí ó tún padà wálé. Mo wo yíká kabín bóyá ẹlòmíràn ń gbọ́, kí ó lè mọ̀ pé ọmọ tí mo bí ní Kambolé ló ń sọ̀rọ̀ yẹn. Nígbà náà ni o sọ gbólóhùn kan: "Bàbá, ẹ má bẹ̀rù, ẹ̀jẹ̀ yín gan-an ni oògùn yín."

Gbólóhùn yẹn ni wọ́n dà sínú ìgò.

Nígbà tí Bàbá Kékeré jáde lọ jókòó síta, o sọ ìyókù fún èmi. O ní ẹ ṣì ń dán an wò ni. O ní ó ṣe àwọn kan láǹfààní fún ìgbà díẹ̀, kò sì ṣe ọ̀pọ̀ ní nǹkan kan. O ní ọ̀dọ̀ yín níbẹ̀ ni ẹ̀rọ ti ń gba ẹ̀jẹ̀ náà lára aláìsàn, àti pé ẹni tí àìsàn rẹ̀ ti tàn tó ti Bàbá Kékeré, àwọn dókítà yín kì í mú un. Mo rò pé o máa pè é padà láti sọ ọ́ fún un. Ìwọ náà rò pé èmi máa sọ ọ́. Àwa méjèèjì dákẹ́, òun sì gbé gbólóhùn kan ṣoṣo tí ó ní lọ sí Tchamba.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi àkọ́kọ́ lórí iṣẹ́ rẹ nìyí, má sì jẹ́ kí ó bọ́ lọ́kàn rẹ: tí o bá fẹ́ sọ iṣẹ́ yín fún aláìsàn tàbí ará ilé aláìsàn, ibi tí agbára rẹ̀ mọ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Sọ "a ń dán an wò" kí o tó sọ ohun ìyanu. Ẹni tí kò lè mí dáadáa kì í gbọ́ gbólóhùn kejì, èyí tó fún un ní afẹ́fẹ́ ló máa dì mú. Èmi fúnra mi, tí ara mi le, ohun ìyanu nìkan ni mo gbọ́ lọ́jọ́ náà, títí o fi là á mọ́ mi lórí.

Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ inú ìgò kọ́ ló bà mí lẹ́rù jù. Mo bi Múfútáù bóyá bàbá rẹ̀ ti padà lọ kí wọ́n fa omi tó ń gbára jọ síbi ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ó ní kò lọ, kò sì ní lọ.

"Bàbá ní tí wọ́n bá tún fi abẹ́rẹ́ fa omi yẹn, ẹ̀jẹ̀ á bá a jáde, èyí tí Ráfíátù máa lò á dín kù," ni Múfútáù wí. "Oògùn ìrora náà, wọn kò gbé e mì mọ́. Wọ́n ní àwọn kò fẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ náà dọ̀tí."

Ọmọ mi, egungun ń ro ọkùnrin náà tọ̀sán-tòru, ìjókòó ló sì ń sùn nítorí pé kò lè dùbúlẹ̀. Oògùn tí dókítà fún un wà nínú ilé, ó kọ̀ ọ́, nítorí tìrẹ. Ó ń ṣọ́ ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ bí ẹni ṣọ́ oko.

Mo gba àpótí náà, mo ní èmi ni n óò dá a padà. A wọ ọkọ̀ Tchamba, mo gbé e lé itan. Obìnrin tó jókòó tì mí bi mí ohun tí mo ń gbé lọ tà, mo sọ ọ́ fún un, ó sì ṣí kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jókòó lé awakọ̀ lẹ́sẹ̀. Nígbà tí a dé ibi tí wọ́n na okùn sójú ọ̀nà, ọlọ́pàá jándáàmù kan tó fi báàjì aláwòrán Ọ̀gá Àgbà orílẹ̀-èdè sáyà ní kí n ṣí i. Èdè Tem ni a jọ sọ.

"Kí ló wà nínú ìgò yìí, Màmá?"

"Ẹ̀jẹ̀ ni."

"Ẹ̀jẹ̀ kí ni?"

"Ti àbúrò ọkọ mi."

Ó wo Múfútáù, ó wo ìgò náà, ó ní, "Àbúrò ọkọ yín náà ńkọ́?"

"Ó ń dúró dè mí ní Tchamba."

Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dé àpótí náà padà, jẹ́jẹ́, ó sì sọ fún awakọ̀ pé kí ó máa lọ, pé òun kò rí wa.

Ìyá Sìkírá, ẹ̀gbọ́n Bàbá Kékeré, ti wá láti Kambolé. Ó rí àpótí náà kí ó tó rí èmi. Mo kúnlẹ̀ kí i, tèmi ti àpótí. Ó ní, "Ìyàwó, ẹ̀jẹ̀ àbúrò mi kò dára tó fún ọmọ rẹ?" Ó ní ọmọ tí àbúrò òun fi kẹ̀kẹ́ gbé lọ sí iléèwé ní ìgbà òjò ti di òyìnbó, kò fẹ́ fọwọ́ kan ẹ̀jẹ̀ ilé mọ́. Múfútáù fẹ́ dáhùn, mo fi ojú dá a dúró. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n rí ẹni tó ni ẹ̀jẹ̀.

Adúmáadán ni mo máa ń pè é láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé bàbá rẹ, nítorí ìyàwó kì í pe àwọn tó bá nílé ní orúkọ wọn. Dídán náà ti lọ, Ráfíátù. Awọ rẹ̀ ti di eérú. Ó fi ẹ̀yìn ti àpò àgbàdo, ó ń mí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré dé. Ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ìyàwó, ṣé ó ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀?"

Mo ní, "Kò kọjá Kouloundè, Adúmáadán. Ó wà lẹ́nu ọ̀nà níta."

Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ó ní òun tí òun kò wọ ọkọ̀ òfurufú rí, ẹ̀jẹ̀ òun náà kò rí i wọ̀.

Mo wá sọ gbogbo ọ̀rọ̀ fún un. N kò yọ nǹkan kan. Ohun tí mo kọ́ nìyẹn nígbà tí èmi nìkan lára àwọn obìnrin agbo ilé wa mọ̀wé kà ní Kambolé, tí àwọn tí ọkọ wọn wà ní oko kòkó ní Gánà máa ń mú lẹ́tà wá fún mi. Olùkọ́ wa ti kìlọ̀ fún wa: kọ́kọ́ fi ojú kà á tán, ní kí ẹni tó ni ín jókòó, kí o sì kà á bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Obìnrin kan wà tí ọkọ rẹ̀ kọ̀wé pé òun kò ní padà wálé mọ́. Mo kà á fún un. Ó ní kí n tún ibẹ̀ kà. Mo tún un kà. Ó dìde, ó ní ó dáa, òun á lọ gbin oko náà fúnra òun, nítorí òjò ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Tí mo bá ti fo ibẹ̀, ì bá ṣì máa dúró de ọkùnrin náà títí ìgbà gbígbin á fi kọjá. Ìwọ náà, nínú iṣẹ́ rẹ, àwọn ènìyàn yóò máa mú àbájáde wá fún ọ kí o kà á fún wọn. Má fo ibì kankan.

Nígbà tí Adúmáadán sọ̀rọ̀, iṣu ló ń sọ. O mọ bí a ṣe ń ṣe é ní oko wa: nígbà tí òjò ṣì wà, a ó ṣí ẹ̀gbẹ́ ebè, a ó gé iṣu tuntun kúrò nídìí okùn rẹ̀ láì fa okùn náà tu, a ó sì kó erùpẹ̀ padà bò ó, kí ó lè tún ta èyí tí a máa fi ṣe èbù.

"Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe ẹ̀jẹ̀ náà nìyẹn?" ni ó bi mí. "Wọ́n á mú díẹ̀, okùn á ṣì wà láàyè, èyí tí wọ́n dá padà á tún ta?"

Mo ní ó jọ bẹ́ẹ̀.

Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè, ó ń wò ó bíi pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni. "Ewé tèmi ti gbẹ, Ìyàwó," ni ó wí.

Èmi tí mo ti gbé ọ̀rọ̀ wá láti Sokodé, tí mo ti tò ó sẹ́nu láti ojú ọ̀nà, òun ló parí rẹ̀ fún mi. Mo gbọ́ tí Ìyá Sìkírá ń sunkún lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Kò tún pè ọ́ ní òyìnbó mọ́.

Ìjà mìíràn tún bẹ̀rẹ̀ lórí ìgò. A kò lè da ẹ̀jẹ̀ ènìyàn síta bí omi ìfọṣọ, sísin ni a ń sin ín. Ìyá Sìkírá sì ní ojú òun kọ́ ni wọ́n máa gbẹ́ ilẹ̀ fún ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ṣì ń mí. Bàbá Kékeré ló dá ẹjọ́ náà láti inú yàrá. Ó ní, "Ẹ sin ín. Tí ẹ bá ti sin díẹ̀ lára mi báyìí, ihò ọjọ́ kejì kò ní jìn púpọ̀." Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fẹ́ bú u, ẹ̀rín ló jáde. Múfútáù lọ sin ín sẹ́yìn ilé.

Mo sọ gbogbo èyí fún ọ kí o lè mọ irú ohun tó máa ń wà lórí tábìlì yín. O kọ ọ́ sí mi nígbà kan pé nọ́ńbà ni ẹ ń kọ sára àwọn ìgò, pé ẹ kì í mọ ẹni tó ni wọ́n. Ó yé mi. Síbẹ̀, tí o bá gbé ìgò kan, rántí pé ẹnì kan ti fi aṣọ bò ó nítorí oòrùn. Fọ ọwọ́ rẹ dáadáa, má fi ìkánjú ṣe é, tí o bá sì ṣe àṣìṣe kan, sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀ fún ọ̀gá rẹ. Tí àwọn ará ilé bá ń pè ọ́ ní ẹni tó ń wo jẹjẹrẹ sàn, má fi ẹ̀rín gbà á. Dá wọn lóhùn níbẹ̀ gan-an pé iṣẹ́ Ọlọ́run ni ìyẹn, pé ìwọ ń tọ́jú àwo sẹ́ẹ̀lì ni. Inú mi ń dùn sí ọ títí mo fi ń bá àwọn aládùúgbò jà lórí rẹ, ṣùgbọ́n má jẹ́ kí a sọ ọ́ di ohun tí o kò jẹ́.

Má sì torí èyí fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Mo mọ̀ ọ́, mo mọ̀ pé ìyẹn ló máa kọ́kọ́ wá sí ọ lọ́kàn. Àwọn kan wà tí ewé wọn ṣì tutù. Jókòó ti iṣẹ́ náà fún wọn.

Ó ku ohun kan, nítorí rẹ̀ gan-an ni mo ṣe gbé gègé. Bàbá Kékeré bá mi wá sí Sokodé. Wọ́n ti fa omi náà, ó ti ń dùbúlẹ̀ díẹ̀ báyìí nínú yàrá kejì níbí. Ṣùgbọ́n oògùn ìrora ni kò tíì gbé mì. Ó dì í sí etí aṣọ rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́, ẹ̀gbọ́n rẹ bẹ̀ ẹ́, dókítà bínú sí i. Ó ní òun ti gbọ́ ohun tí èmi sọ, kò sì pè mí ní onírọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ní kí òun má bẹ̀rù kò tíì sọ̀rọ̀. Ó ní ìwọ lo sọ pé ẹ̀jẹ̀ òun ni oògùn òun, òun kò ní da nǹkan pọ̀ mọ́ ọn títí ìwọ fúnra rẹ á fi sọ pé kí òun má pa á mọ́ mọ́. Mo ń gbọ́ bí ó ṣe ń pa eyín pọ̀ nínú yàrá yẹn bí mo ṣe ń kọ èyí.

Nítorí náà, bí lẹ́tà yìí bá ti dé ọwọ́ rẹ, pe kabín. Wọ́n ti mọ̀, wọ́n á wá pè wá, ilé kẹta sí tiwa ni. Má bèèrè èmi. Má sọ pé ẹ ṣì ń wò ó, má sọ pé bóyá. Kí i, jẹ́ kí ó kí ọ, kí o sì sọ pé, "Bàbá, n kò lè lo ẹ̀jẹ̀ yín. Ẹ gbé oògùn yín mì." Tí ẹkún bá gbọ̀n ọ́, jẹ́ kó gbọ̀n ọ́, ṣùgbọ́n parí gbólóhùn náà. Èmi á dúró tì í, ife omi á sì wà lọ́wọ́ mi.

Ìyá rẹ,
Mọ̀ríámù